Èmi nìkan, ajá kan, ológbò méjì: báwo ni mo ṣe máa wakọ̀ láti Baltimore dé Houston?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Baltimore, mo sì ti rí iṣẹ́ tuntun ní Houston. Ìparí oṣù keje ni mo máa kó lọ. Àwọn akẹ́rù á ti kó ẹrù ṣáájú, èmi nìkan ni mo máa wakọ̀, èmi àti Tanímọ̀la, ajá mi tó wọn kílò 22, àti ológbò méjì, Sísí àti Dúdú. Ọkọ̀ kì í bá Tanímọ̀la lára mu, ó máa ń bì. Ní ti Dúdú, bí mo bá ti ṣáná sí ọkọ̀ báyìí, igbe ló kù. Èrò mi ni pé kí n sáré e ní ọjọ́ méjì. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fún wọn ní Benadryl, oògùn ara yíyún tí àwa èèyàn ń lò, kí wọ́n lè sùn, kí n má sì fún wọn lóúnjẹ rárá títí a ó fi dé. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni? Tí a bá sì dé, ìgbà wo ni mo lè jẹ́ kí Dúdú máa jáde síta bó ṣe ń ṣe níbí? — A. O., Baltimore

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o, Arábìnrin A. O. Iṣẹ́ tuntun náà á tù yín lára. Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ọjọ́ méjì yẹn bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló máa ba ìyókù jẹ́ tí ẹ kò bá yí i padà.

Láti Baltimore dé Houston tó nǹkan bíi máìlì 1,450. Tí ẹ bá gba òpópónà márosẹ̀ I-81 kọjá Virginia, tí ẹ já sí Knoxville àti Chattanooga ní Tennessee, tí ẹ gba I-59 wọ Birmingham, tí ẹ sì la Mississippi kọjá bọ́ sí I-12 àti I-10 ní Louisiana, ẹ ó lò tó wákàtí 22 lórí ìjókòó láìka ìdúró kankan. Ẹni méjì lè sáré e ní ọjọ́ méjì: bí ọ̀kan bá wọlé lọ tọ̀, èkejì á jókòó ti àwọn ẹranko. Ẹ̀yin kò ní èkejì. Nínú àwọn ẹranko tí wọ́n gbé wá bá mi lẹ́yìn irú ìrìnàjò báyìí, ibi ìdúró ni nǹkan ti ṣe èyí tó pọ̀ jù: ilé epo, ibi ìsinmi ojú ọ̀nà, ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì. Yálà ooru mú ajá, tàbí ológbò bẹ́ jáde. Nítorí náà, bí ẹ ṣe máa dúró ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣètò, ká tó sọ ti bí ẹ ṣe máa rìn.

Ooru ni kí a kọ́kọ́ mú. Lọ́jọ́ tí ìta bá wà ní 80°F, ìyẹn 27°C, inú ọkọ̀ tí a ti pa á sún mọ́ 100°F láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ó bá fi máa tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó ti ré kọjá 110°F. Fèrèsé tí ẹ ṣí díẹ̀ kò yí i padà lọ títí. Ajá kì í sì í làágùn bíi tiwa. Mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀ lára, afẹ́fẹ́ tó sì ń mí sínú gbọ́dọ̀ tutù kí ìyẹn tó ràn án lọ́wọ́. Alabama àti Louisiana ní oṣù keje, 80°F ti kọjá kí ẹ tó jẹ oúnjẹ àárọ̀ tán.

Ìdí nìyí tí mo fi fọwọ́ sí ọjọ́ mẹ́rin, òwúrọ̀ nìkan ni kí ẹ sì máa wakọ̀. Ọjọ́ kìíní, ẹ dé Bristol, ní ààlà Virginia àti Tennessee, ó tó máìlì 400. Ọjọ́ kejì, ẹ dé Birmingham. Ọjọ́ kẹta, Baton Rouge. Ọjọ́ kẹrin, bíi máìlì 270 péré ló kù. Bí ẹ bá gbéra ní aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí, tí ẹ ń dúró ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún lẹ́yìn wákàtí méjì sí mẹ́ta, ẹ ó ti gúnlẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹ rọra wakọ̀ lórí I-81, àgbọ̀nrín pọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá wọ Alabama, aago á padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, àmọ́ oògùn kò mọ̀ pé aago ti yí padà: iye wákàtí tó wà láàárín oògùn kan àti èkejì ni kí ẹ máa kà.

Ọ̀rọ̀ ilé ìtọ̀ wá ńkọ́? Ìbéèrè tí kò sí ẹni tó ń bi mí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló le jù fún ẹni tó dá rìn. Ẹ lè fa Tanímọ̀la dání, ẹ kò lè gbé ológbò méjì mọ́ ọn. Àwọn kan máa ń fi ọkọ̀ sílẹ̀ lórí iná pẹ̀lú ẹ́ẹ̀sì, wọ́n á fi kọ́kọ́rọ́ kejì tì í. Èmi kò fọkàn tán an. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun ló ń pa ara rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, àwọn ìpínlẹ̀ àti ìlú kan sì wà tí òfin wọn kò gbà kí ẹ fi ọkọ̀ tó wà lórí iná sílẹ̀ láìsí ẹni nínú rẹ̀. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn obìnrin tó ń dá rìn ni kí wọ́n ra ilé ìtọ̀ alágbèéká, irú èyí tí àwọn tó ń lọ pàgọ́ sínú igbó ń lò, kí wọ́n sì ra aṣọ tí wọ́n fi ń bo fèrèsé ọkọ̀. Ẹ máa rẹ́rìn-ín o. Nọ́ọ̀sì tí ń di ìtọ̀ mú ní gbogbo àkókò iṣẹ́ lè rò pé òun á fara dà á, àmọ́ omi tí ẹ kò mu ní ọ̀sán oṣù keje yẹn, oorun ló máa fi kùn yín lójú. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ wọlé, ẹ wọlé kí oòrùn tó yọ. Oúnjẹ tiyín, ẹ dì í dání, tàbí kí ẹ rà á láti ojú fèrèsé ilé oúnjẹ láì sọ̀kalẹ̀. Bó bá jẹ́ mọ́ínmọ́ín, ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ jẹ ẹ́, nítorí àlùbọ́sà inú rẹ̀ máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá àti ológbò jẹ́. Ẹ má fi ṣingọ́ọ̀mù sí ibi tí Tanímọ̀la lè dé: xylitol, ohun adùn tí wọ́n fi ń rọ́pò ṣúgà nínú àwọn kan, lè pa ajá.

Ní ti ológbò, òfin kan ni: kí ilẹ̀kùn ọkọ̀ má ṣí láé tí ológbò kò bá sí nínú kéèjì tí a ti pa. Kò sí ti “ó ti sùn”, kò sí ti “kò lè lọ”. Kí Sísí àti Dúdú ní kéèjì tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tó le, tí kò ṣeé fi èékánná ya. Ilẹ̀ ẹ̀yìn ìjókòó iwájú ló dára jù láti gbé e sí, kó má lè fò dìde tí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì. Ẹ fi okùn àyà wọ̀ wọ́n nínú kéèjì pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù yín lára rẹ̀. Láti ìsinsìnyí ni kí ẹ ti máa fi kọ́ wọn nílé. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n lo iyanrìn ìgbẹ́ wọn nígbà ìdúró, ẹ kọ́kọ́ ti gbogbo ilẹ̀kùn, kí ẹ tó ṣí kéèjì. Tí wọn kò bá yà á, ẹ má fòyà, ọ̀pọ̀ ológbò ló máa ń mú un dé alẹ́. Tanímọ̀la ní tirẹ̀, ẹ̀yìn ni kó jókòó, kí okùn àyà rẹ̀ so mọ́ bẹ́líìtì ìjókòó. Ẹ má gbé e síwájú níbi tí báàgì afẹ́fẹ́ lè ti bú lù ú. Kí ẹ sì mú okùn rẹ̀ lọ́wọ́ kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn.

Benadryl wá. Ọ̀rẹ́ yín kò gbèrò ibi, àmọ́ rárá. Ó lè mú oorun wá, kì í mú ẹ̀rù lọ, àwọn ológbò kan sì wà tó jẹ́ pé ṣe ló máa sọ wọ́n di oníjàgídíjàgan. Èyí tó tún burú ni pé àwọn oògùn òtútù tí wọ́n jọ ń wà lórí pẹpẹ kan náà máa ń ní parasítámọ́ọ̀lù nínú, hóró kan ṣoṣo rẹ̀ sì lè pa ológbò.

Èébì Tanímọ̀la ní oògùn tirẹ̀, maropitant, tí wọ́n ń tà ní orúkọ Cerenia. Wákàtí méjì ṣáájú kí ọkọ̀ tó gbéra ni wọ́n ń fún un, pẹ̀lú oúnjẹ bíńtín. Fún èébì ọkọ̀, ọjọ́ méjì tẹ̀léra ni ìwé oògùn náà fàyè gbà. Ọjọ́ mẹ́rin ni ẹ fẹ́ rìn, nítorí náà ẹ bi dókítà yín bóyá kó jẹ́ ọjọ́ kìíní àti ìkejì ni ẹ ó lò ó, nígbà tí ẹ bá wà láàárín àwọn òkè Appalachian. Ilẹ̀ Louisiana tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ní ti Dúdú, oògùn tí àwa dókítà ẹranko máa ń sábà kọ ni gabapentin, wákàtí méjì sí mẹ́ta ṣáájú. Èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà tilẹ̀ fọwọ́ sí fún ẹ̀rù ọkọ̀ lára ológbò ni pregabalin olómi tí wọ́n ń pè ní Bonqat, ọdún 2023 ló gba àṣẹ. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì mọ gabapentin dáadáa, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ má ṣe bù ú láti inú èyí tí wọ́n ṣe fún èèyàn: olómi rẹ̀ lè ní xylitol tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ, ajá sì wà nínú ọkọ̀ kan náà. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ ti gbà á, kí ẹ sì dán an wò nílé ní bíi ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, nígbà tí ẹ bá ráyè jókòó wò ó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lè máa ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, kò burú. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ acepromazine nìkan fún yín, ẹ béèrè ìdí. Ó ń so ara ẹranko mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù ṣì wà nínú rẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ara rẹ̀ lè bá ooru jà dáadáa.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ: ajá lè jẹ díẹ̀ láàárọ̀, kó wá jẹun kánú lálẹ́. Ológbò kò gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ mẹ́rin gbààwẹ̀. Bí ológbò, pàápàá èyí tó sanra, bá wà láìjẹun fún ọjọ́ kan sí méjì, ọ̀rá lè bẹ̀rẹ̀ sí í kó sí ẹ̀dọ̀ rẹ̀, àìsàn tó lè pa á sì ni. Ẹ fún wọn lóúnjẹ gidi nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì ní gbogbo alẹ́, oúnjẹ tó ti mọ́ wọn lára, kì í ṣe tuntun. Bí Sísí tàbí Dúdú kò bá fẹnu kan nǹkan kan fún odidi ọjọ́ kan, ẹ wá dókítà ní ìlú tí ẹ bá wà.

Ní òtẹ́ẹ̀lì, ẹ pe ẹ̀ka tí ẹ fẹ́ sùn gan-an, kì í ṣe ilé iṣẹ́ wọn lápapọ̀. Ẹ béèrè iye ẹranko tí wọ́n ń gbà: méjì ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń dúró sí, mẹ́ta sì ni tiyín. Ẹ béèrè bóyá wọ́n lè gbà yín wọlé ṣáájú aago mẹ́ta ọ̀sán, torí ẹ ó tètè dé. Bí ẹ bá wọ yàrá, ẹ gbé kéèjì àwọn ológbò sínú balùwẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ tó yẹ ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì wò. Aṣọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì sábà máa ń ya, ológbò tó bá sì ráyè wọ inú rẹ̀ kì í jáde ní aago mẹ́rin ìdájí tí ẹ fẹ́ lọ. Àwọn kan ti tú bẹ́ẹ̀dì palẹ̀ rí. Bí ẹ bá rí ihò, balùwẹ̀ ni wọ́n máa sùn. Ẹ gbé àkọlé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà kí òṣìṣẹ́ má ṣílẹ̀kùn.

Ìwé kò le. Ẹ mú ẹ̀rí abẹ́rẹ́ dìgbòlugi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dání, ẹ gba ìwé ìlera lọ́wọ́ dókítà yín nígbà tí ọjọ́ bá ti sún mọ́, kí ẹ sì yí nọ́ńbà àti àdírẹ́sì inú ìforúkọsílẹ̀ microchip wọn, ìyẹn ẹ̀rọ bíńtín ìdánimọ̀ tó wà lábẹ́ awọ wọn, padà kí ẹ tó gbéra. Microchip tó ṣì ń tọ́ka sí fóònù tí ẹ kò lò mọ́ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá jẹ nǹkan tó lè jẹ́ májèlé lọ́nà, nọ́ńbà ASPCA, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹranko ní Amẹ́ríkà, fún ọ̀rọ̀ májèlé ẹranko ni 888-426-4435, tọ̀sán-tòru; wọ́n máa ń gba owó.

Ẹ bi ìlú Houston bóyá ẹ nílò ìwé àṣẹ fún ajá àti ológbò. Ohun tó jẹ mí lógún ju ìyẹn lọ ni ẹ̀fọn. Etíkun Gulf wà lára ibi tí aràn tó ń gbé inú ọkàn ajá ti pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà, ẹ̀fọn ló sì ń gbé e kiri. Ẹ má pa oṣù kankan jẹ nínú oògùn ìdènà rẹ̀, kí ẹ sì béèrè ti àwọn ológbò pẹ̀lú. Bí ẹ bá fẹ́ fi oògùn eégbọn sí Tanímọ̀la lára ṣáájú ìrìnàjò, ẹ ka ara páálí rẹ̀. Bí permethrin, oògùn apakòkòrò kan, bá wà níbẹ̀, ẹ dá a padà: nínú ọkọ̀ kan tí wọ́n jọ máa fara kanra fún ọjọ́ mẹ́rin, ó lè kó àwọn ológbò sí gìrì. Ìgbà ìjì líle ni oṣù keje tún jẹ́ ní etíkun yẹn, láti oṣù kẹfà dé ìparí oṣù kọkànlá, torí náà ẹ wo ojú ọjọ́ kí ẹ tó kúrò ní Birmingham. Bí ìjì bá ń bọ̀, ẹ sùn sí ibẹ̀ sí i.

Dúdú wá, kì í ṣe ọjọ́ kejì o. Yàrá kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́kọ́ kó òun àti Sísí sí, pẹ̀lú iyanrìn wọn, oúnjẹ, omi, àti aṣọ yín kan tí ẹ kò tíì fọ̀. Ìgbà tí ó bá ń jẹun, tí ó ń yàgbẹ́ déédéé, tí kò sì sápamọ́ mọ́ ni kí ẹ ṣí ilé ìyókù sílẹ̀ fún un. Kó má jáde síta rárá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó kéré tán; tó bá tó oṣù kan, ó dára jù. Ìgbà àkọ́kọ́, okùn àyà ni kó bá a jáde, kí ó jẹ́ ìgbà tí ebi ń pa á, ṣáájú oúnjẹ alẹ́, kí ẹ sì dúró tì í. Ọ̀nà òpópó Houston kì í ṣe àdúgbò yín ní Baltimore. Bí ó bá jẹ́ ológbò tèmi ni, inú ilé ni ì bá kúkú máa gbé láti ìsinsìnyí lọ.