Kí A Tó Tú Ẹ́ńjìnnì: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Ọkọ̀ Tó Ti Pẹ́

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ti náwó tán kí wọ́n tó béèrè. Wọ́n ti ra rẹdíétọ̀, wọ́n ti ra sẹ́ńsọ̀, wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì, síbẹ̀ àìsàn ọkọ̀ wọn kò kúrò lójú kan. Mo mú mẹ́rin lára wọn, mo sì fẹ́ fi sùúrù ṣàlàyé bí a ṣe ń wá ìdí àìsàn ọkọ̀ kí a tó gbé owó lọ sí Ládípọ̀ tàbí ọjà Gate.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Camry ọdún 2004 ni mò ń wà, èyí tí wọ́n ń pè ní Big Daddy, onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin. Bí mo bá ń lò ó kiri ìgboro Ìbàdàn, kò níṣòro, ṣùgbọ́n bí mo bá ti bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó tí mo sì tẹná mọ́ ọn, ọwọ́ tó ń tọ́ka ìgbóná yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Omi inú rẹ̀ ń dín kù, àmọ́ n kò rí ibi tó ń kán sí nílẹ̀. Mẹkáníìkì mi yọ tamosítáàtì, fáàfù tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná, dànù, ó ní ilẹ̀ wa ti gbóná jù fún un. A ti pààrọ̀ rẹdíétọ̀ àti tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì (èyí tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀), kò pẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ti wá ní kí n lọ ra odidi ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀. Ṣé kí n rà á? (Olùkọ́ kan, Mọ́níyà, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ má tíì rà á. Àlàyé yín ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà fún wa, nítorí pé ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí a béèrè nípa ọkọ̀ tó ń gbóná ni ìgbà tó ń gbóná. Ọkọ̀ tó bá ń gbóná nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, tí ara rẹ̀ sì ń rọlẹ̀ nígbà tó bá ń sáré, fáànù rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ fura sí, torí pé bí ọkọ̀ bá dúró, fáànù nìkan ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí rẹdíétọ̀. Ẹni tó bá ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀, kó tan ẹ́ńjìnnì, kó tan éèsì, kó sì wò ó bóyá fáànù méjèèjì ń yí; bí wọn kò bá yí, kí rẹwáyà yẹ fiyúùsì, rílè àti wáyà wọn wò. Ti yín yàtọ̀. Ọkọ̀ yín ń gbóná nígbà tí atẹ́gùn ojú ọ̀nà ń fẹ́ sí i dáadáa, èyí tó fi hàn pé ooru tí ẹ́ńjìnnì ń mú jáde ju èyí tí omi inú rẹ̀ lè gbé kúrò lọ. Ó lè jẹ́ pé rẹdíétọ̀ ti dí, ó lè jẹ́ pé pọ́ọ̀ǹpù kò ti omi lọ bó ṣe yẹ mọ́, ó sì lè jẹ́ pé omi gan-an kò pé. Ẹ sì ti sọ fún wa pé omi ń dín kù.

Ibi tí omi yẹn ń gbà lọ ló yẹ kí a wá. Ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ọkọ̀ yín, èyí tí ilé iṣẹ́ Toyota ń pè ní 2AZ-FE, aluminiọ́mù ni wọ́n fi ṣe búlọ́ọ̀kù rẹ̀, ìyẹn ara ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀ orí, bólútì mẹ́wàá ló sì de orí rẹ̀ mọ́ ọn. Nínú àwọn tí wọ́n ṣe títí di ọdún 2006, àléébù kan wà tí àwọn tó mọ ẹ́ńjìnnì yìí mọ̀ dáadáa: tẹ́rẹ́ẹ̀dì (ilà tó lọ́ yípo) inú ihò bólútì, pàápàá àwọn tó wà ní ẹ̀yìn, a máa jẹ, a sì máa tú kúrò lára búlọ́ọ̀kù. Nígbà tí bólútì kò bá ní ohun tó lè di mú mọ́, orí ẹ́ńjìnnì kò ní jókòó dáadáa, omi yóò sì máa yọ́ jáde láàárín orí àti búlọ́ọ̀kù, lẹ́yìn pátápátá, ní apá tó kọjú sí ẹsẹ̀ awakọ̀. Ibẹ̀ náà ni irin tí èéfín ń gbà jáde wà, ooru rẹ̀ sì ń gbẹ omi náà kó tó kán sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ ibi tí ẹ ń gbé ọkọ̀ sí fi gbẹ táútáú tí omi sì ń dín kù.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, kí ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti dígí kékeré kan, kí ẹ sì wo ojú oríkèé yẹn láti ẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ kúláǹtì, omi olóògùn tí wọ́n ń tà fún rẹdíétọ̀, ni ẹ ń lò, ẹ ó rí èépá funfun tàbí aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú. Bó bá sì jẹ́ omi ẹ̀rọ lásán, ipa ìpẹtà ni ẹ ó rí. Bí ojú kò bá tó o, kí mẹkáníìkì de pọ́ǹpù ìdánwò mọ́ ẹnu rẹdíétọ̀, kó fún un títí yóò fi dé iye tí wọ́n kọ sára ìdérí rẹ̀, kó sì fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15. Bí ọwọ́ aago rẹ̀ bá ń wálẹ̀, omi ń jò níbì kan nìyẹn. Oògùn olómi kan tún wà tó jẹ́ aláwọ̀ búlúù, tí wọ́n máa ń gbé sí ẹnu rẹdíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Bó bá di yẹ́lò, a jẹ́ pé èéfín ń ráyè wọ inú omi, gásíkẹ́ẹ̀tì kò sì dì mọ́. Mo bẹ yín, ẹ má ṣe ṣí ìdérí rẹdíétọ̀ nígbà tó bá gbóná. Omi inú rẹ̀ ti kọjá digíríì 100 láìhó nítorí pé ìdérí náà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, bí ẹ bá sì ṣí i, yóò ru sókè, yóò sì bó awọ ara.

Mo rò pé èyí ló ba gásíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ pààrọ̀ jẹ́. Ó dá mi lójú pé ẹni tó de bólútì wọ̀nyẹn padà yóò ti rí àmì rẹ̀. Bólútì tó dára yóò máa le síwájú sí i bí a bá ṣe ń dè é. Èyí tí tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ti jẹ yóò le díẹ̀, yóò rọ̀ lójijì, yóò sì máa yí lófo. Bí a bá fà á jáde, a ó rí aluminiọ́mù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó lọ́ mọ́ ọn lára. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun kò lè wo irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sàn. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé kí wọ́n gbẹ́ ihò náà fẹ̀, kí wọ́n kọ tẹ́rẹ́ẹ̀dì tuntun sí i, kí wọ́n sì ki irin oníhò kékeré tó ní tẹ́rẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ sínú rẹ̀. Ihò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni èmi yóò ní kí wọ́n ṣe, kì í ṣe èyí tó ti jẹ nìkan, nítorí pé owó ìtúpalẹ̀ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Kí wọ́n ra bólútì tuntun, kí wọ́n gbé irin títọ́ lé ojú orí ẹ́ńjìnnì láti mọ̀ bóyá ooru ti wọ́ ọ, kí wọ́n sì de bólútì láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìpele ìpele.

Ní ti ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, bí ẹ bá ra ti ọdún kan náà, àléébù kan náà ni ẹ rà, ẹ kò sì mọ bí ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ ṣe lò ó.

Ọ̀rọ̀ tamosítáàtì dùn mí, nítorí pé ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń yọ ọ́ dànù káàkiri ilẹ̀ wa. Tamosítáàtì Toyota yín kì í ṣí títí omi yóò fi tó nǹkan bí digíríì 82, kò sì sí ìlú kan lókè eèpẹ̀ tí oòrùn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ, kó sì dúró síbẹ̀. Bí a bá yọ ọ́, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yóò rò pé òwúrọ̀ ni, yóò sì máa da epo kún epo; ọ́ìlì kò sì ní gbóná tó láti lé omi tó wọ inú rẹ̀ jáde. Bí ẹ bá fura pé èyí tí ẹ rà kò dára, ẹ fi okùn so ó sínú ìkòkò omi lórí iná pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń wọn ooru, kí ẹ sì wo ìgbà tó ṣí. Ẹ dá a padà sáyè rẹ̀, kí ẹ sì lo kúláǹtì àti omi tó mọ́ ní ìdajì ìdajì.

Ìbéèrè: Honda CR-V 2003 mi kì í tan láàárọ̀. Mo ti ra bátìrì tuntun, ọ̀sẹ̀ kejì ló tún kú. (Oníṣòwò, Ìkòtún, Èkó)

Ìdáhùn: Mítà tí àwọn rẹwáyà ń lò ni yóò yanjú èyí. Bátìrì tó kún, tí ọkọ̀ sì ti sinmi mọ́jú, yẹ kó wà ní fóólùtì 12.6, bó bá jẹ́ 12.0, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì: bí mítà bá fi 13.5 sí 14.5 hàn, ọtanétọ̀, ẹ̀rọ tó ń fi iná kún bátìrì, ń ṣiṣẹ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, tí bátìrì sì ń kú síbẹ̀, nǹkan kan ń mu iná lóru. Kí rẹwáyà tú orí nẹ́gátíìfù, kó fi mítà sáàárín òun àti wáyà rẹ̀ láti wọn áńpíà, kó ti gbogbo ilẹ̀kùn, kó sì dúró fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí àwọn kọ̀ǹpútà ọkọ̀ lè sùn. Ohun tó bá ju mílíáńpíà 50 lọ ti pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà, kó máa yọ fiyúùsì níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó yọ tí iye náà fi já wálẹ̀ ni yóò fi ọ̀nà hàn án. Èyí tó ń mu odidi áńpíà kan yóò mu áńpíà-wákàtí 12 láàárín wákàtí 12, bẹ́ẹ̀ bátìrì ọkọ̀ bíi tiyín kì í sábà ju 45 sí 60 lọ. Láàámù àti rédíò tí wọ́n dè sí ọkọ̀ lẹ́yìn tó dé Nàìjíríà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ìbéèrè: Iná ẹ́ńjìnnì kò kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù Corolla 2006 mi. Wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó kọ P0171. Wọ́n ní sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ni, mo rà á, iná náà tún tàn. Ẹlòmíì ní kí n ra òmíràn. (Nọ́ọ̀sì, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Kóòdù dà bí igbe ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀: ó sọ pé nǹkan ń ro òun, kò sọ ohun tó ń ro òun. P0171 túmọ̀ sí pé atẹ́gùn tó wọ ẹ́ńjìnnì pọ̀ ju epo tó bá a pàdé lọ. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ló wá jábọ̀ ọ̀ràn náà, ẹ sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀rọ kan náà tó ka kóòdù lè fi iye epo tí kọ̀ǹpútà ń fi kún hàn ní ìdá ọgọ́rùn-ún, bí ẹni tó mú un lọ́wọ́ bá mọ̀ ọ́n lò. Kó wò ó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ láìtẹná, kó sì tún wò ó nígbà tó bá tẹná dé bí ìyípo 2,500 ní ìṣẹ́jú kan. Bí iye náà bá ga nígbà àkọ́kọ́, tó sì wálẹ̀ nígbà kejì, atẹ́gùn ń wọlé láti ibi tí kò yẹ: họ́ọ̀sì tó sán, tàbí rọ́bà gbàgbà tó wà lẹ́yìn fítà atẹ́gùn, tí awẹ́ rẹ̀ máa ń ya nísàlẹ̀ níbi tí ojú kì í dé. Ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá jẹ́ pé ṣe ni iye náà ń ga sí i bí a ṣe ń tẹná, pọ́ọ̀ǹpù epo ti rẹ̀, tàbí sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn atẹ́gùn ti dọ̀tí. Oògùn tí wọ́n ṣe fún fífọ sẹ́ńsọ̀ yìí wà lọ́jà, owó rẹ̀ kò sì tó ti sẹ́ńsọ̀ tuntun rárá.

Ìbéèrè: Camry 2008, èyí tí wọ́n ń pè ní Muscle, ni tèmi. Ó ń jẹ ọ́ìlì, kò sì sí ibi tó ń jò. Wọ́n ní kí n máa fi ọ́ìlì tó ki sí i. (Láti Àjàṣẹ́, Bẹ̀nẹ̀)

Ìdáhùn: Ẹ́ńjìnnì 2AZ-FE kan náà ni, ṣùgbọ́n àìsàn ti ọdún 2007 sí 2009 yàtọ̀. Ihò tín-ín-tìn-ín tó wà lára písítìnnì (irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì), èyí tí ọ́ìlì máa ń gbà padà sísàlẹ̀, a máa dí. Ríìngì tó yẹ kó máa nu ọ́ìlì kúrò yóò lẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ́ìlì yóò sì máa jóná pọ̀ mọ́ epo. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Toyota gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi písítìnnì àti ríìngì tuntun sí àwọn ọkọ̀ tó jẹ ju nǹkan bí lítà kan lọ láàárín máìlì 1,200. Àkókò ètò náà ti kọjá. Ìwọ̀n náà ṣì wúlò fún yín: ẹ bu ọ́ìlì dé àmì òkè, ẹ kọ iye kìlómítà sílẹ̀, kí ẹ sì wo ibi tó kù sí nígbà tí ẹ bá ti rin bí 1,900.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ pààrọ̀ fáàfù kékeré tó ń fa èéfín láti inú ẹ́ńjìnnì padà sí ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, nítorí pé òun náà lè fa kí ọkọ̀ máa jẹ ọ́ìlì, owó kékeré ni wọ́n sì ń tà á. Ẹ wo èéfín láàárọ̀ pẹ̀lú. Èyí tó bá ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Dúdú, epo ló pọ̀ jù. Funfun tó ń nípọn tí kò sì tán nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, omi ni.

Ọ́ìlì tó ki jù kò ní tú ríìngì tó ti lẹ̀ sílẹ̀, kì í sì í tètè dé òkè ẹ́ńjìnnì láàárọ̀. Bí ohun tó ń jẹ kò bá ju lítà kan lọ láàárín kìlómítà 1,500, èmi yóò máa bù ú kún un, n óò sì tọ́jú owó mi. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, písítìnnì àti ríìngì ni kí ẹ pààrọ̀ pọ̀, torí pé ríìngì tuntun lórí písítìnnì àtijọ́ yóò tún dí padà. Títí ẹ ó fi ṣe é, ẹ fa ọ̀pá ìwọn-ọ́ìlì yọ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ ra epo, kí ọkọ̀ sì wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì yẹn ń gbé ara lé ọ́ìlì, bí ọ́ìlì bá sì ti wálẹ̀ jù, ariwo wájawàja rẹ̀ láàárọ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín.