Ẹ wá iṣẹ́ fún èdè náà

Ẹ béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kí ẹ fòfin de Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé, tàbí kí ẹ fi àwọn ọmọ ránṣẹ́ sílé, nítorí pé àwọn ọmọ tí ẹ bí sí Dublin ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dá yín lóhùn. Abidjan ni èmi ti ta aṣọ títí di ìgbà rògbòdìyàn tó tẹ̀lé ìbò ọdún 2010 ní Côte d'Ivoire. Ibẹ̀ ni mo bí gbogbo ọmọ mi sí kí n tó padà wá jókòó sí Òṣogbo. N kò ní gbà yín níyànjú irú òfin bẹ́ẹ̀. Bàbá kan wà ní àgbàlá wa ní Treichville, àdúgbò kan ní Abidjan, tó máa ń na àwọn ọmọ rẹ̀ bí wọ́n bá sọ Faransé níṣojú rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ náà kò fi bá a sọ̀rọ̀ mọ́ rárá, ní èdè kankan.

Ohun tí mo rí tó mú èdè dúró lẹ́nu ọmọ ni iṣẹ́ tí kò ṣeé fi èdè mìíràn ṣe. Àwọn ọmọ Èjìgbò ti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pọ̀ ní Abidjan ju àwa ará Òṣogbo lọ, nítorí náà ìpàdé oṣooṣù tiwọn ni à ń bá wọn ṣe. Ọmọbìnrin mi àgbà, ẹni tó jẹ́ pé Faransé ló fi ń bá àwọn àbúrò rẹ̀ jà, ni wọ́n yàn láti máa ka orúkọ àwọn tó dáwó, torí pé ọ̀pọ̀ àgbà ibẹ̀ kò mọ̀wé. Kò lè pe àgbàlagbà bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní láti kúnlẹ̀, kó fi oyè tàbí orúkọ ọmọ ṣáájú, kó tó dárúkọ owó. Bó bá sì ṣi ohùn orúkọ ẹnìkan gbé, gbogbo ìjókòó á bú sẹ́rìn-ín, wọn á ní kó tún un pè. Kò sẹ́ni tó nà án, ṣùgbọ́n ó máa ń fi ìwé náà dánra wò láti ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ẹ wo àwọn olórìṣà tó ń ti Cuba àti Brazil wá síbi ọdún Ọ̀ṣun wa lóṣù kẹjọ. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé ẹ̀sìn náà débẹ̀, pàápàá ní ọ̀rúndún 19 nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àlejò yìí ni kò lè ná ata ní Ọjà Ọba láìsí ògbufọ̀, síbẹ̀ wọ́n ń kọ orin Ọ̀ṣun ní Yorùbá. Èdè Spéènì àti ti Potogí ti gba ọjà lọ́wọ́ Yorùbá lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n wọn kò gba ojúbọ.

Ní ti fífi ọmọ ránṣẹ́ sílé, ó dára bí ẹ bá mọ ẹni tí ẹ fi wọ́n sọ́dọ̀. (Ẹ má fi wọ́n sí Èjìgbò bí ẹ bá ń sá fún Faransé, torí pé àwọn tó ti Abidjan dé ń fi í ṣàwàdà lójú pópó.) Kí wọ́n má wá ṣe àlejò, ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà máa rán wọn níṣẹ́.

Àwọn ọmọ á yí nǹkan padà, kò sì burú. Àwọn ará Abidjan ń pe gbogbo wa ní Anango, láìka ìlú tí a ti wá sí. Àwa òbí kọ̀ ọ́, àwọn ọmọ wa ń fi yangàn. Níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ ọmọ mi, àtíéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ àwọn ará Abidjan, ni wọ́n gbé fún àlejò dípò àmàlà. Mo jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n orógbó, oyin àti iyọ̀ wà nílẹ̀, èmi ni mo sì ki ọmọ náà.

Nítorí náà, ẹ wá ìpàdé ọmọ Yorùbá kan ní Dublin, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún àwọn ọmọ níṣẹ́ gidi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pe ìyá yín fúnra wọn, lóòrèkóòrè. Bí wọ́n bá sì ti ń sọ̀rọ̀, ẹ jáde kúrò nínú yàrá, torí pé bí ẹ bá dúró, ẹ̀yin ni wọ́n á sọ di ògbufọ̀.