Ẹ bi wá: Mọ́ṣáláṣí òkúta òkun àti owó ẹyọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní erékùṣù àwọn Mùsùlùmí ni owó ẹyọ táwọn ìyá wa ń ná ti wá, pé òkúta inú òkun ni wọ́n sì fi kọ́ mọ́ṣáláṣí ibẹ̀, láìsí sìmẹ́ńtì. Ṣé òótọ́ ni? — Òǹkàwé, Kabba

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Maldives ni, nínú Òkun Íńdíà. Ọdún 1153 ni ọba wọn kúrò nínú ẹ̀sìn Búdà, tó gba Ìsìláàmù. Mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ àtijọ́ tó wà ní Malé, Hukuru Miskiy, ọdún 1658 ni wọ́n parí rẹ̀, láyé Súlútánì Ibrahim Iskandar Kìíní.

Ẹ̀dá kéékèèké inú òkun ló ń mọ òkúta náà. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hú u jáde, ó ṣì rọ̀, ayùn àti àáké ń gé e. Kíá ni wọ́n gbọ́dọ̀ gé e, torí bí oòrùn bá ti gbẹ ẹ́, líle ló ń le sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbẹ́ ahọ́n sára ọ̀kan, ihò sára èkejì, wọ́n á ti ọ̀kan bọ èkejì bí káfíńtà ṣe ń so pákó àpótí. Wọ́n tún gbẹ́ ọnà àti ẹsẹ Kùránì sára rẹ̀. Ìwọ̀ oòrùn gan-an ni ilé náà kọjú sí, kì í ṣe Mẹ́kà, nítorí náà ìlà orí kápẹ́ẹ̀tì, tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ló ń fi kíbílà (ìhà Mẹ́kà) han àwọn tó ń kírun.

Ohun kan tó ń ba irú ilé bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni àtúnṣe àìmọ̀. Òkúta yìí ní ihò wẹ́wẹ́, iyọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá fi sìmẹ́ńtì dí ojú rẹ̀, omi tó ń gòkè láti ìpìlẹ̀ kò ní rọ́nà jáde. Iyọ̀ á dì sábẹ́ sìmẹ́ńtì náà, ojú òkúta á máa ṣí. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ní mọ́ṣáláṣí tàbí ilé-kéwú alámọ̀ nílẹ̀ àwa ẹ̀yà Òkun ní Kogi, amọ̀ ni kí ẹ fi rẹ́ ẹ. Sìmẹ́ńtì lórí amọ̀ á sán, á wó lulẹ̀ tòun tamọ̀ tó gbá mú.

Ní ti owó ẹyọ, Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ará Mòrókò tó ṣe kádì (adájọ́ Ìsìláàmù) ní Maldives ní nǹkan bí 1343 sí 1344, kọ ọ́ pé inú kòtò ni wọ́n ń kó o sí títí ẹran rẹ̀ á fi jẹrà, tí ìkarahun funfun á kù. Ó ní 400,000 ni wọ́n ń tà ní dínárì wúrà kan: ogún ọ̀kẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ti Maldives wá. Láàárín ọdún 1800 sí 1900, àwọn oníṣòwò Yúróòpù kó ti Zanzibar, erékùṣù kan ní ìlà oòrùn Áfíríkà, wọ ilẹ̀ wa lọ́pọ̀ yanturu. Ti Zanzibar tóbi díẹ̀, òrùka pupa rúsúrúsú sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ti Maldives kéré, ó ní kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ wọn, èyí tí wọn kò tíì fọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò.