Àbúrò mi fẹ́ fi itọ́ àti àwòrán ọpọlọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìwádìí. Kí n gbà fún un?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún 27, ti ń gba ìtọ́jú schizophrenia, àìsàn ọpọlọ tó ń da ìrònú èèyàn rú, ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún mẹ́rin. Ara rẹ̀ ti balẹ̀ báyìí, ó ń lo oògùn rẹ̀, ó sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn olùwádìí bá a ní kílíníkì. Wọ́n fẹ́ gba itọ́ rẹ̀, kí wọ́n ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀, kí wọ́n sì wo fáìlì rẹ̀. Wọ́n ní àwọn á pín gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú àwọn olùwádìí káàkiri ayé, ṣùgbọ́n àwọn ò ní fi orúkọ sí i. Òun fẹ́ fọwọ́ sí i. Màmá wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ní rárá o, àbúrò wa obìnrin ń múra ìgbéyàwó, bí àwọn àna bá wádìí ńkọ́? Èmi ni wọ́n ní kí n dá sí i.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ìtọ́jú àbúrò yín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àna kúrò lọ́nà, torí òun ló ń dẹ́rù ba Màmá. Ẹni tó ń wádìí ìdílé ìyàwó kì í lọ sórí kọ̀ǹpútà àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ọ̀dọ̀ alájọgbé yín ló ń lọ, àti ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Tí ọ̀rọ̀ yìí yóò bá tú, ẹnu èèyàn ni yóò ti tú. Ewu wà lóòótọ́, àmọ́ ibòmíràn ló wà.

Kí ló dé tí wọ́n fi fẹ́ pín in? Ọ̀pọ̀ ìdílé rò pé àbùdá (gene, ohun tí a jogún lára òbí) kan ṣoṣo ló ń fa àìsàn yìí, bí ìgbà tí AS fẹ́ AS tí wọ́n sì bí SS. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àbùdá tó dá sí i pọ̀ gan-an, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì ju bíńtín lọ. Kódà ìbejì tó jọra bí ìmumu, tí àbùdá wọn jẹ́ ọ̀kan náà, bí Táíwò bá ní in, Kẹ́hìndé lè má ní in rárá. Láti rí ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀, àfi kí èèyàn pọ̀. Ní 2014, àwọn ẹgbẹ́ olùwádìí tí wọ́n ń pè ní Psychiatric Genomics Consortium kó dátà aláìsàn tó tó 37,000 jọ láti ilẹ̀ púpọ̀, wọ́n sì rí ojú ibi 108 lára àbùdá tó ní í ṣe pẹ̀lú àìsàn náà. Nígbà tó fi máa di 2022, aláìsàn ti di 76,755, ojú ibi náà sì di 287. Ilé ìwòsàn wo ló máa dá rí irú èrò bẹ́ẹ̀?

Bákan náà ni ti àwòrán ọpọlọ. Ní 2016, ENIGMA, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí ọpọlọ láti ilẹ̀ púpọ̀, fi àwòrán aláìsàn 2,028 wé ti àwọn 2,540 tí kò ní àìsàn náà, wọ́n rí i pé hippocampus, apá ọpọlọ tó ń bá wa tọ́jú ìrántí, kéré díẹ̀ lára àwọn aláìsàn. Díẹ̀ ni mo wí o. Kò sí dókítà tó lè wo àwòrán ọpọlọ ẹnìkan ṣoṣo kó ní, "Eléyìí ní schizophrenia." Nítorí náà, kí àbúrò yín má retí pé èsì kan máa ti ibẹ̀ wá tó máa yí oògùn rẹ̀ padà.

Ohun kan wà tó ń dùn mí. Òyìnbó ló pọ̀ jù nínú dátà wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ Ìbàdàn wà lára ìlú mẹ́sàn-án tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí schizophrenia kárí ayé ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Tí a kò bá sí nínú dátà, oògùn tó bá ti inú rẹ̀ jáde lè má bá wa lára mu bó ṣe yẹ. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn sí ohun tí àbúrò yín fẹ́ ṣe. Ẹ mọ ibi tí mo dúró sí báyìí, kí ẹ lè fi sọ́kàn bí ẹ ṣe ń ka ìyókù.

Ó wá ku "àwọn ò ní fi orúkọ sí i." Orúkọ nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń dá èèyàn mọ̀. Ní 2019, àwọn olùwádìí Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà fi àwòrán orí tí wọ́n fi ẹ̀rọ MRI yà fún àwọn 84 tó yọ̀ǹda ara wọn tún ojú wọn mọ lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n wá ní kí kọ̀ǹpútà fi wé fọ́tò wọn. 70 ló dá mọ̀. Kí àbúrò yín béèrè bóyá wọn yóò pa ojú rẹ́ kúrò lára àwòrán náà kí wọ́n tó fún ẹlòmíràn. Wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é.

Ti itọ́ le jù, torí DNA, ohun inú itọ́ tó gbé àbùdá wa, kò ní ojú téèyàn lè pa rẹ́. Àti pé nǹkan bí ìdajì ohun tó wà nínú itọ́ yẹn, ẹ̀yin àti òun lẹ jọ ni ín. Màmá rò ó dáadáa nígbà tó ní ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n kò lè bá a fọwọ́ sí i, kò sì lè bá a kọ̀ ọ́. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Mental Capacity Act ti 2005, àgbàlagbà tó lè ro ọ̀rọ̀ já ló ni ìpinnu ara rẹ̀, àìsàn ọpọlọ nìkan kò sì gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ ìgbà tí àìsàn ń dààmú rẹ̀ ni, mo máa ní kó dúró ná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín. Ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, ìtọ̀ ṣúgà ń bá àwọn Havasupai, ẹ̀yà onílẹ̀ kan níbẹ̀, fínra. Láti 1990, wọ́n fún àwọn olùwádìí Arizona State University ní ẹ̀jẹ̀, wọ́n rò pé ti ìtọ̀ ṣúgà nìkan ni. Ọdún gorí ọdún, wọ́n gbọ́ pé àwọn olùwádìí ti fi ẹ̀jẹ̀ náà wádìí schizophrenia, àti ibi tí baba ńlá wọn ti ṣẹ̀ wá, èyí tó lòdì sí ìtàn tí wọ́n bá nílẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fọwọ́ sí gbòòrò ju ohun tí wọ́n fẹnu sọ fún wọn lọ. Wọ́n pẹjọ́. Ní 2010, yunifásítì gbà láti san 700,000 dọ́là, wọ́n sì dá ẹ̀jẹ̀ tó kù padà fún wọn. Nítorí náà, ohun tó wà nínú ìwé ni kí ẹ gbára lé, ẹ má gbára lé ohun tí nọ́ọ̀sì fi ẹ̀rín sọ.

Nínú ìwé yẹn, ẹ wá ẹni tó ń tọ́jú àkójọ tó so nọ́ńbà tí wọ́n fi rọ́pò orúkọ mọ́ orúkọ gan-an. Kò gbọdọ̀ kúrò ní ibi tí wọ́n ti gba itọ́ náà. Ẹ tún wo bóyá dátà ni yóò máa rìn lọ bá àwọn olùwádìí, tàbí àwọn ni yóò wá bá a níbi tó wà. ENIGMA máa ń ṣe é bí ẹgbẹ́ tí olúkúlùkù ka owó nílé, tó jẹ́ iye rẹ̀ nìkan ni wọ́n kó wá sí ìpàdé: ibùdó kọ̀ọ̀kan lè ṣe ìṣirò tirẹ̀, kó fi èsì nìkan ránṣẹ́. Ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀ ju kí wọ́n da gbogbo rẹ̀ kọ fún ẹni tó bá béèrè. Ẹ béèrè bóyá ilé iṣẹ́ oògùn wà lára àwọn tí yóò rí i. Èmi kò kórìíra ìyẹn, àmọ́ ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó gbà.

Ní ti ìnṣọ́ránsì, àdéhùn wà láàárín ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì pé wọn kò ní béèrè èsì àbùdá tó ti inú ìwádìí wá. Àìsàn tó ti wà nínú fáìlì rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n lè béèrè.

Ó lè yọwọ́ nígbàkigbà láìsọ ìdí, ìtọ́jú rẹ̀ kò sì ní yàtọ̀. Ṣùgbọ́n èsì tí wọ́n ti tẹ̀ jáde kò ṣeé kó padà, bí omi tó ti dànù. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé kéèyàn wo àwọn àpótí inú fọ́ọ̀mù náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ìwé náà bá pín wọn sọ́tọ̀, ó lè gbà kí wọ́n ya àwòrán ọpọlọ, kó sì fi ti itọ́ sílẹ̀ di ìgbà tí ìgbéyàwó bá kọjá, tí ẹ̀yin, òun àti Màmá bá ti jókòó sọ ọ́. Kó gba fọ́ọ̀mù náà lọ sílé lọ́sẹ̀ yìí. Kò sí olùwádìí gidi tó máa bínú sí ìyẹn.