Àgbo òdòdó ẹ̀yìnkùlé kì í ṣe abẹ́rẹ́ vincristine

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 6, ń gba abẹ́rẹ́ vincristine nítorí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Irun rẹ̀ ti re tán, ó sì ti ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní ara òdòdó periwinkle tó wà lẹ́yìnkùlé wa ni wọ́n ti ń yọ oògùn náà. Ṣé a lè máa se ewé rẹ̀ fún un mu, ká fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀?

ÌDÁHÙN: Rárá o, Màmá. Ọ̀rọ̀ àgbo yìí ti sú àwa apòògùn.

Òótọ́ ni pé ara òdòdó yẹn ni vincristine ti wá. Òótọ́ yìí gan-an ni wọ́n fi ń tan yín. Láwọn ọdún 1950, wọ́n fi ewé rẹ̀ ránṣẹ́ láti Jàmáíkà sí Kánádà, torí àwọn ará Jàmáíkà kan ń mu àgbo rẹ̀ fún àtọ̀gbẹ. Robert Noble àti Charles Beer, àwọn olùwádìí ní Kánádà, fún eku mu, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn ò yí padà. Ìgbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un sí wọn lára ni sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àrùn jà lọ sílẹ̀, tí eku sì ń kú. Ewé kan náà o! Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí vinblastine, oògùn jẹjẹrẹ, vincristine sì tẹ̀lé e.

Kí wọ́n tó rí gíráàmù kan vincristine, ọgọ́rọ̀ọ̀rún kílò ewé gbígbẹ ni wọ́n máa lò. Ti ọmọ yín, gíga àti ìwọ̀n rẹ̀ ni wọ́n fi ṣírò. Ó ṣọ̀wọ́n kó ju mílígíráàmù 2 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ta ló máa wọn ti inú ìkòkò? Àwọn èròjà mìíràn tó wà nínú ewé náà ńkọ́?

Ẹsẹ̀ tó ń wọ́ ló jẹ mí lógún. Sẹ́ẹ̀lì tó bá fẹ́ pín sí méjì a máa ta okùn tín-ín-rín nínú ara rẹ̀ láti fa chromosome, ìyẹn ohun tó gbé àbùdá ara, sọ́tùn-ún sósì. Vincristine ò ní jẹ́ kí okùn náà ta. Sẹ́ẹ̀lì á há sáàárín, á kú. Kò mọ jẹjẹrẹ yàtọ̀ sí gbòǹgbò irun, torí àwọn méjèèjì ń pín kíákíá. Irun á hù padà. Àwọn iṣan tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ kiri kì í pín, ṣùgbọ́n irú okùn yìí ni wọ́n fi ń kó ohun tí wọ́n nílò dé ìkángun wọn, èyí tó lọ sẹ́sẹ̀ ló sì gùn jù. Ẹ ní kó fi gìgísẹ̀ rìn. Tí iwájú ẹsẹ̀ ò bá gbé sókè, tàbí tí kò rí ìgbẹ́ yà, ẹ sọ fún dókítà rẹ̀. Wọ́n lè dín oògùn kù. Èmi ò rí ọmọ náà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi rọ́pò tiwọn.

Tí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38°C, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ lóru. Tí ẹ bá sì ti fún un ní àgbo yẹn, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́ tó kàn. Wọ́n lè bínú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú.