Mo Fẹ́ Padà sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Nọ́ọ̀sì Lẹ́yìn Ìbímọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Ọdún kejì ni mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kí n tó gba àyè láti lọ bímọ. Ọmọ mi ti pé oṣù 4, ìyá ọkọ mi ní Ìperu sì ti gbà láti máa tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé omi ọyàn mi yóò gbẹ. — Ìyá Ọmọ, Ṣàgámù

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ o. Ẹ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yín, kí ẹ so ìwé tí wọ́n fi gbà yín láyè mọ́ ọn, kí ẹ sì bèèrè ibi tí orúkọ yín dúró sí lọ́dọ̀ Àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà, nítorí Àjọ náà ló ń ṣe ìdánwò àṣejáde.

Ní ti ọmú, èyí tó ká mi lára jù, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ mu ọmú nìkan fún oṣù 6. Ọyàn tí a bá ń fún déédéé kì í tètè gbẹ. Èyí tó kún tí a kò fún ni omi rẹ̀ ń dínkù. Nítorí náà, ẹ máa fún un sínú ike mímọ́ tó ní ìdérí nígbà ìsinmi ní wọ́ọ̀dù. Inú fíríìjì, ó lè lo ọjọ́ 4, ṣùgbọ́n níta, kò gbọdọ̀ ju wákàtí 4 lọ, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú ooru wa yìí. Ẹ fi ọ̀wọ̀ àti sùúrù bá Màmá sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n má tíì fún ọmọ ní omi tàbí àgbo, kí ẹ sì fi bí wọ́n ṣe ń fi ife bu ọmú fún ọmọ hàn wọ́n ṣáájú ọjọ́ ìwọlé.