Orin owó pọ́ọ́kú láti òkè òkun: ṣé hàláàlì ni?

Ìbéèrè: Asalamu alaykum, àáfà wa. Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀sìn, Ọlọ́hun yóò san yín lẹ́san rere. Ìkànnì kan wà ní òkè òkun tí mo ti máa ń ra orin. Àwo orin tí olórin fúnra rẹ̀ ń tà ní dọ́là 10, dọ́là 1 péré ni wọ́n ń tà á níbẹ̀. Káàdì báǹkì mi ni mo fi ń sanwó, wọ́n sì máa ń fún mi ní rìsíìtì. Ọ̀rẹ́ mi kan wá sọ pé ẹrù olè ni mò ń rà. Mo ní ta ló ń ra ẹrù olè tó ń gba rìsíìtì? Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé òfin orílẹ̀-èdè àwọn gba àwọn láyè. Mo tún ti fi díẹ̀ nínú orin náà ránṣẹ́ sí àbúrò mi obìnrin. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ẹ̀sìn wí sí i? Ọmọ yín ni.

Ìdáhùn: Wa alaykumu salam, ọmọ mi. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad. Inú mi dùn pé ọ̀rọ̀ yìí ká ọ lára. Wọ́n ń bi mí léèrè nípa ẹran, wọ́n ń bi mí nípa èlé, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń fi fóònù fà wọlé, wọn kì í sábà bi mí, àfi bí ẹni pé ohun tí ọwọ́ kò lè dì mú kò ní olúwa.

Kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ owó pọ́ọ́kú kúrò lọ́nà. Ẹ̀sìn kò bá ọjà tó rọjú jà. Ànábì fún Urwah al-Bariqi ní dínárì 1 pé kó lọ ra àgùntàn kan wá. Urwah fi owó náà ra 2, ó ta ọ̀kan ní dínárì 1, ó sì mú àgùntàn kan pẹ̀lú dínárì náà padà wálé. Ànábì kò bá a wí, àdúà alubarika ló ṣe fún un lórí òwò rẹ̀. Nítorí náà, bí olórin bá dín owó kù fúnra rẹ̀, tàbí tó ń tà á ní gbàǹjo fún àwọn ará ilẹ̀ tí owó wọn kò lágbára, rà á, hàláàlì ni. Kì í ṣe dọ́là 1 yẹn ló bá ọ wí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni àṣẹ. Ọlọ́hun sọ nínú Suratu Nisai, ẹsẹ 29, pé kí àwa onígbàgbọ́ má ṣe fi èrú jẹ owó ara wa láàárín ara wa, àfi kó jẹ́ òwò tí a jọ yọ́nú sí. Ìwọ yọ́nú sí i. Ẹni tó ń tà á yọ́nú sí i. Ẹni tó kọ orin náà ńkọ́? Àwọn tó lù ú ńkọ́? Ẹni tó náwó sí gbígbà á sílẹ̀ ńkọ́? Ẹni méjì jókòó, wọ́n ń ná ẹrù ẹni kẹta, ẹni kẹta kò sì gbọ́. Rìsíìtì ń jẹ́rìí pé owó kúrò lọ́wọ́ rẹ ni, kò jẹ́rìí pé ẹni tó gbà á ló ni ọjà.

Àwọn kan á ní orin kì í ṣe àgùntàn, pé bí o bá gbà á, ti olówó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ àríyànjiyàn yẹn. Àjọ àwọn onímímọ̀ fiqh, ìyẹn ìmọ̀ òfin ẹ̀sìn Islam, lágbàáyé jókòó lórí irú rẹ̀ ní Kuwait ní oṣù Kejìlá ọdún 1988. Wọ́n fẹnu kò pé ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé àti ti ẹni tó hùmọ̀ ohun tuntun jẹ́ ẹ̀tọ́ tí Sharia dáàbò bò, kò sì tọ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́ lójú. Ojú kan náà ni mo fi ń wo orin tí ènìyàn jókòó ṣe.

Èyí tí wọ́n wí pé òfin ilẹ̀ àwọn gba àwọn láyè, a ti gbọ́ ọ rí. Ìkànnì kan wà ní Rọ́ṣíà láyé àná, AllOfMP3. Bí fáìlì bá ṣe tóbi tó ni wọ́n fi ń ta orin níbẹ̀, sẹ́ǹtì díẹ̀ fún mẹ́gábáìtì kan, nígbà tí orin kan ṣoṣo jẹ́ sẹ́ǹtì 99 lórí iTunes ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ ROMS ló fún àwọn níwèé àṣẹ. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ni orin sì fèsì pé àwọn kò fi ọjà àwọn rán ROMS. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Amẹ́ríkà fi há Rọ́ṣíà lọ́rùn nígbà tí Rọ́ṣíà ń wá ọ̀nà wọ àjọ ìṣòwò àgbáyé, WTO. Oṣù Keje ọdún 2007 ni ìkànnì náà kógbá sílé. Ní oṣù Kẹjọ, ilé ẹjọ́ kan ní Moscow dá ẹni tó ti jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ní ẹ̀rí tí wọ́n kó wá kò múná dóko.

O lè wá ní, àáfà, wọ́n kúkú dá a sílẹ̀. Ọmọ mi, gbọ́ ohun tí Ànábì sọ, Umm Salamah, ìyàwó rẹ̀, ló gbà á wá, ó sì wà nínú ìwé hadith Bukhari àti ti Muslim: ó ní ènìyàn ni òun, pé ẹ̀yin ń gbé ẹjọ́ wá bá òun, bóyá ẹnu ẹnìkan sì mú ju ti ẹnìkejì lọ, tí òun á fi dá a láre lórí ohun tí òun gbọ́. Ẹni tí òun bá gé ẹ̀tọ́ arákùnrin rẹ̀ fún, iná ni òun gé fún un. Bí ìdájọ́ Ànábì gan-an kò bá sọ ẹrù ẹlòmíràn di hàláàlì, ti ilé ẹjọ́ wo ló fẹ́ ṣe é?

Ohun kan tún wà tó máa ń dùn mí nínú irú òwò bẹ́ẹ̀. AllOfMP3 kọ ọ́ sínú àdéhùn rẹ̀ pé ọrùn oníbàárà ni ọ̀rọ̀ wà bí òfin ìlú rẹ̀ kò bá gbà á. Ọlọ́jà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ kì í di ẹ̀bi ọjà rẹ̀ ru ẹni tó rà á. Lọ ka àdéhùn ìkànnì tìrẹ náà, nísàlẹ̀ pátápátá níbi tí lẹ́tà ti kéré. Lẹ́yìn náà, wo ìkànnì olórin fúnra rẹ̀, bóyá ó dárúkọ ọlọ́jà yẹn mọ́ àwọn tó ń bá a tajà. Bí kò bá sí níbẹ̀, tí o kò sì rí ẹni tó lè là á yé ọ, ó ti bọ́ sáàárín ohun ìrújú tí Ànábì ní ẹni tó bá ṣọ́ra fún un ti dáàbò bo ẹ̀sìn àti iyì rẹ̀.

Má jẹ̀ẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn ọ́ pé kèfèrí ló ni orin. Lóru ìrìn àjò Hijira ní ọdún 622, àwọn Kuraiṣi ń wá ọ̀nà àtipa Ànábì, ẹrù tí àwọn ará Mẹ́kà tí kò gba ẹ̀sìn rẹ̀ fi pa mọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ sì wà nílé. Ali ló fi sẹ́yìn pé kó dá a padà fún àwọn tó ni ín, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ti orin fúnra rẹ̀, ìyapa ẹnu àwọn onímímọ̀ lórí ohun èlò orin kò ṣe é fi ìdáhùn yìí tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà pé hàráàmù ni, kò lè torí bẹ́ẹ̀ lọ rà á lọ́wọ́ ẹni tí kò ni ín; kó má rà á rárá ni. Bákan náà, má purọ́ pé ilẹ̀ míì lò ń gbé kí o lè rà á ní owó ibẹ̀. Mùsùlùmí dúró ti àdéhùn rẹ̀.

Èyí tí o rà kí o tó mọ̀, mo ń retí àforíjì Ọlọ́hun fún ọ. Láti ìsinsìnyí, dáwọ́ dúró, pa àwọn orin náà rẹ́, kí o sì tọrọ àforíjì. Èyí tí o bá ṣì fẹ́ gbọ́, tún un rà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ìyẹn gan-an ni dídá ẹ̀tọ́ padà. Pe àbúrò rẹ, ṣàlàyé fún un ní pẹ̀lẹ́, kó pa tirẹ̀ náà rẹ́. Kò mọ̀, má bá a jà. Bí ó bá ń sunkún orin kan tó fẹ́ràn, ìwọ lo fi ránṣẹ́ sí i, ìwọ ni kó ra ojúlówó rẹ̀ fún un.